Ìka Méjì Tí Màdáámù Ní Kí N Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, mo sì fẹ́ràn kí n mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó dín díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi rán aṣọ ní Kokomlemle, nílùú Accra níbi tí wọ́n bí mi sí. Kábà ni mo rán jù lọ, ẹ̀wù òkè àti síkẹ́ẹ̀tì gígùn tí àwọn obìnrin Ghana ń wọ̀ lọ sílé Ọlọ́run, síbi ìgbéyàwó àti síbi òkú. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí mo rí nídìí rẹ̀, màá ní mo jẹun, ọmọ mi mẹ́ta kàwé, mo sì dúpẹ́. Ó tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sí nínú àpò.

Ọdún tí ìjọba ìdìbò padà sí Ghana ni ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Màdáámù Rúùtù. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màdáámù bíi tiwa. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó mọ̀ ọ́n, kò sì bímọ. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Anago Madam, nítorí Anago ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbẹ̀. Obìnrin gíga ni, ó sì sanra débi pé tí ó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ a dà bí ohun ìṣeré ọmọdé níwájú rẹ̀.

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ ṣàánú rẹ̀ o."

Màdáámù wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àdùkẹ́, àánú wà lọ́dọ̀ Olúwa. Lọ́dọ̀ tèmi, abẹ́rẹ́ ló wà."

Mo rò pé àwàdà ni. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo lò láìfọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Iṣẹ́ mi ni kí n gbálẹ̀, kí n ṣa píìnì, kí n sì máa tú aṣọ. Àwọn obìnrin máa ń gbé kábà àtijọ́ wá pé ó ti há àwọn, kí a bá àwọn là á sí i. Màá mú abẹ fẹ́lẹ́, màá máa já òwú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá já aṣọ pẹ́nrẹ́n, mo gbé. Màdáámù ní ẹni tí kò mọ aṣọ tú, irọ́ ló ń pa pé òun mọ̀ ọ́n rán.

Nínú títú yẹn ni mo ti rí àṣírí rẹ̀. Gbogbo aṣọ tó bá jẹ́ Màdáámù ló rán an, tí ẹ bá tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ máa bá aṣọ mìíràn nínú, tó pa mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán. Ìka méjì lápá ọ̀tún, ìka méjì lápá òsì. Kò lo téèpù fún un rí. Ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ló fi ń wọ̀n ọ́n, ìka tirẹ̀ gan-an, tó nípọn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.

Mo bi í nígbà kan, "Màdáámù, ṣé aṣọ yìí kò ní ṣòfò báyìí?"

Ó ní, "Obìnrin kì í dúró lójú kan. Ó ń lóyún, ó ń bímọ, ó ń rù, ó ń sanra. Tí aṣọ kò bá lè bá a lọ, ta ni ìyà máa jẹ, ṣé aṣọ ni? Tí ìyá bá sì wọ̀ ọ́ tán, ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá rán aṣọ tó fún mọ́ ẹni tó ń wò lónìí, ó ti gbàgbé pé Ọlọ́run kò tíì dá ọ̀la tán."

Kò lù wá rí. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ó lù wá. Kábà àkọ́kọ́ tí mo dá rán, oníbàárà ti jókòó dè é. Màdáámù ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láìwò ó, bí ẹni ń wá owó lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìka rẹ̀ rìn lọ, ó rìn bọ̀, kò bá ìka méjì níbẹ̀. Ó fa ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, ó ya pẹrẹrẹ. Ó ní, "Madam, ẹ padà wá lọ́la. Ọmọ mi kò tíì parí rẹ̀." Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi ni mo ti lọ sunkún. Nígbà tí mo dé, ó ti fi kẹ́ńkè àti ẹja díndín sílẹ̀ dè mí. Ó ní, "Jẹun. Ẹni tí ebi ń pa kò lè wọ̀n ìka méjì."

Lọ́dún kẹta, wọ́n ṣe fírídọ́ọ̀mù fún mi gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Wọ́n da pọ́dà sí mi lọ́rùn àti lórí títí mo fi funfun bí ìyẹ̀fun, pásítọ̀ gbàdúrà, àwọn ọmọ iṣẹ́ jó. Nígbà náà ni Màdáámù fà mí sẹ́yìn. Ó tẹ́ ìka rẹ̀ méjì lé orí ìka tèmi, ó ń kà á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìka rẹ tín-ín-rín jù. Méjì tèmi, mẹ́ta tìrẹ ni. Má gbàgbé." Mi ò lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo dúró tì í, mo di igbá kejì rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe gbàgbé.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tema nígbà náà. Ó rí ẹ̀rọ àlòkù kan tó bá ọkọ̀ òkun dé, èyí tó ń hun etí aṣọ, tí a ń pè ní ọ́fálọ́ọ̀kì, ó sì gbé e wálé fún mi. Iná mànàmáná ló ń lò. Ẹ̀rọ náà ní ọ̀bẹ kékeré lẹ́nu: bí ó ti ń hun etí aṣọ ni ọ̀bẹ ń gé ìyókù dànù, inú aṣọ á sì dán bíi ti òkè òkun. Mo tàn án fún Màdáámù. Ó dúró, ó wò ó títí.

"Àdùkẹ́, ẹ̀rọ yìí ń jẹun."

"Màdáámù, ọ̀làjú ni."

"Mo rí i. Ọ̀làjú ń jẹun."

Ọmọ ìjọ wa kan wà tó ń jẹ́ Ẹ̀sítà, ó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ìyá rẹ̀ ti kú, àmọ́ kí ó tó kú, ó ti fi léèsì funfun kan pa mọ́ fún ọjọ́ náà. Ẹ̀sítà gbé e wá sọ́dọ̀ wa bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Màdáámù fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n, òun ló gé e, ó sì fi ìka méjì rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Tema fún ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, ọjọ́ mẹ́ta. Kí ó tó wọ tro-tro, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, ó ní, "Rán ẹ̀gbẹ́ gáùn ọmọ yẹn pọ̀. O mọ ohun tí mo máa ń sọ."

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Màdáámù."

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wọ́ jọ, etí léèsì sì ń tú wuruwuru. Mo rò pé kí inú gáùn náà dán, kí ó lè jọ ti ìlú òyìnbó. Mo fi ọ́fálọ́ọ̀kì rán an. Léèsì tí ìyá kan pa mọ́ fún ọmọ rẹ̀ ń já bọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, èmi ń kọrin. Àwọn àgbà ní ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti gbọ́ ọ rí o. Etí ni mo fi gbọ́ ọ.

Sátidé ni ìgbéyàwó. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ẹ̀sítà wá wọ gáùn wò. Síìpù dé àárín ẹ̀yìn, ó dúró. Mo ní kí ó fa ikùn wọlé. Ó fà á. Síìpù kò mira.

Mo ní, "Ẹ̀sítà, kí lo jẹ?"

Ó ní, "Sister Àdùkẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ó ní ìyàwó kì í rù wọlé ọkọ. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti ń fi bánkù àti ọbẹ̀ ilá bọ́ mi."

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo yí inú gáùn náà síta kí n lè là á sí i, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Etí dídán lásán ni.

Ẹ̀sítà rí ojú mi. Ó bú sẹ́kún. "Wọ́n máa ní mo ti lóyún!"

Kì í ṣe àsọdùn. Nínú ìjọ kékeré, ojú àwọn ìyá kì í wà lára òrùka bí ó ti ń wà lára ikùn ìyàwó. Gáùn tó bá fún ọmọbìnrin lọ́jọ́ náà, wọ́n á máa ka oṣù lé e lórí títí yóò fi bí àkọ́bí. Ẹ̀sítà kò mọ ọkùnrin kankan o. Bánkù ló mọ̀.

Mo mú ìrépé léèsì náà kan nínú agbọ̀n ìdọ̀tí, mo sáré lọ sí ọjà Makola. Àlàájà kan wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá, tí kò sí léèsì tí kì í tà. Ó gbé e sókè sójú oòrùn.

"Ọmọ yìí, kí wọ́n tó bí ẹ ni èyí ti tán lọ́jà. Àfi kí o lọ bi àwọn tó ti sùn."

Omi bọ́ lójú mi. Ó fà mí jókòó, ó fún mi lómi. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Lọ bá ọ̀gá rẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ọ̀sán ni Màdáámù ti Tema dé. Ẹ̀sítà ṣì jókòó lórí àga, ojú rẹ̀ ti wú. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Màdáámù ti ọwọ́ bọ inú gáùn náà, ìka rẹ̀ rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó gbé e kalẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. A gbọ́ tí àpótí ṣí. Nígbà tí ó jáde, léèsì funfun ló wà lápá rẹ̀. Òdòdó kan náà, òwú kan náà.

Ó sọ fún Ẹ̀sítà pé, "Èmi àti ìyá ẹ la jọ rà á. Ìgàn kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, la bá pín in sí méjì. Ó ní tòun, ọmọ òun ló máa fi ṣègbéyàwó. Mo ní tèmi, òun ni kí wọ́n fi sin mí."

Ó na ọwọ́ sí àlùmọ́gàjí. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́. Aṣọ tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ bá Olúwa yín!"

"Olúwa mi mọ ìwọ̀n mi. Fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

"Kò ní tó yín mọ́!"

"Àdùkẹ́, ìwọ náà ti wá ń wọ̀n mí." Ó gé e. Ìrépé gígùn méjì, láti abíyá dé ìṣẹ́tí.

Ẹ̀sítà ní, "Mama, ta ló gé gáùn mi báyẹn?"

Màdáámù kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù mi ló gé e. Má bínú sí wa."

Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ rẹ̀ ló fi rán an, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ó ní kí èmi fi ìka mi wọ̀n ọ́n. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, títí dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, gáùn náà bọ́ sí Ẹ̀sítà lára bí ìrì. Àwọn ìyá wo ikùn rẹ̀ títí, wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n bá yíjú sí jọ́lọ́ọ̀fù.

Nígbà tí a padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo bi í, "Kí ló dé tí ẹ kò dárúkọ mi?"

Ó ní, "Orúkọ ta ló wà lára pátákó níta?"

Mo rò pé yóò ju ọ́fálọ́ọ̀kì náà nù. Kò jù ú. Ó pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó ní kí ó yọ ọ̀bẹ ẹnu rẹ̀. Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu. "Madam, láìsí ọ̀bẹ?" Màdáámù ní, "Ó máa hun. Kò kàn ní jẹun mọ́ ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù kan ti wọ inú mi. Tí Màdáámù bá kọ́, tí ó bá ní orí ń fọ́ òun, ọkàn mi á sáré lọ sídìí àpótí yẹn. Mo mọ bí léèsì tó kù ṣe pọ̀ tó, mo sì mọ bí Màdáámù ṣe sanra tó. Kí ni mo máa fi bo ìyá yìí lọ́jọ́ tó bá sùn? Mo bẹ̀ ẹ́ kí n ra òmíràn. Ó ní, "Ṣé pẹ̀lú ìwọ ni mo rà á? Ọ̀rẹ́ mi ni mo bá rà á. Òun ni màá wọ̀ lọ bá a."

Ọdún ń yí. Ẹ̀rọ oníná kún ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà ni dumsor dé, ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni ń ṣẹ́jú. Gbogbo télọ̀ àdúgbò jókòó, wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Àwa gbé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ Màdáámù jáde, à ń rán lọ. Aṣọ tí wọ́n ti rán tẹ́lẹ̀ láti òkè òkun pọ̀ lọ́jà, àwọn oníbàárà ń gbé fóònù wá pé àwòrán yìí ni kí a rán, ó sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ àwọn lára. A rán an, ó lẹ̀. Ìka méjì ṣì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi ni ṣọ́ọ̀bù wá bọ́ sí. Màdáámù ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ kankan kò sì lè jáde kí ó má ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Àìsàn dé. Obìnrin tó sanra yẹn rù, ó rù, títí àga rẹ̀ fi tóbi jù fún un. Ojú tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, dókítà sì ti ní kí n máa múra láti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Ó sùn nínú Olúwa láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, bí a ṣe ń múra ilé Ọlọ́run.

Bọ̀dé, ọmọ àbúrò rẹ̀, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ dáadáa ni, ó tóbi, ó ga. Ó bá mi nídìí àpótí tó ṣí sílẹ̀. Ó ní, "Auntie Àdùkẹ́, ẹ má bínú. Wọ́n máa bi mí nílé. Gbogbo ọdún tí màmá lò níbí, kò kọ́lé, kò bímọ. Kí ló fi sílẹ̀?"

Léèsì ló wà lórí ẹsẹ̀ mi. Àìsàn ti sọ Màdáámù di ẹni tí ó lè tó. Ó lè tó, ṣùgbọ́n etí sí etí ni. Kò sí ìka kan, ká má tíì sọ méjì. Mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e. Ṣé èmi náà ló tún máa rán aṣọ ìkẹyìn ìyá yìí láìfi nǹkan kan sínú rẹ̀?

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, àwọn ènìyàn péjọ síwájú ilé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Accra. Bọ̀dé tún béèrè ìbéèrè rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin. Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ Gã ní kí n túmọ̀ ohun tó ń wí fún òun. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá náà dìde, ó ká ìṣẹ́tí kábà rẹ̀ sókè, ó yí inú rẹ̀ síta síwájú Bọ̀dé.

"Sọ fún un pé kí ó wò ó. Kí n tó bí àkọ́bí mi ló rán an fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti tú u, ó ṣì kù."

Obìnrin mìíràn ká tirẹ̀. Òmíràn tún ká tirẹ̀. Bọ̀dé kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.

Láàárín wọn ni Ẹ̀sítà ti jáde, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó sọ ní Rúùtù. Báàgì kékeré wà lọ́wọ́ wọn. Ó ní, "Sister Àdùkẹ́, Rúùtù ló máa wọ gáùn mi lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ wo ara rẹ̀, bí abẹ́rẹ́. Kò nílò èyí." Ó fà á yọ: ìrépé léèsì gígùn méjì, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́.

Ọmọ náà, tó máa ń gbọ́ Yorùbá ju bí ó ti ń sọ ọ́ lọ, ní, "Auntie, èmi tú u. Mi ò gé nǹkan kan."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Òwú ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló já. Màdáámù ìbá yìn ín.

Lọ́jọ́ kejì ni mo gbé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kalẹ̀. Ojú mi kò rí ìlà, ìka ni mo fi ń wá a. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Bọ̀dé jókòó tì mí, ó ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó wò mí títí, kò lè mú un mọ́ra.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́, òkú kì í sanra. Ta lẹ ń fi èyí sílẹ̀ fún?"

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bọ̀dé, ṣé ìwọ lo mọ bí ó ti máa tóbi tó lọ́jọ́ àjíǹde?"

Bọ̀dé na ọwọ́, ó ti ìka rẹ̀ bọ inú ojú rírán náà, ó tẹ́ wọn síbi tí mo fi sílẹ̀. Ìka rẹ̀ nípọn bíi ti Màdáámù. Méjì péré ló gbà.

Ó ní, "Mo ti mọ ohun tí màá sọ fún wọn nílé."

Aṣọ tí mo rán kẹ́yìn nìyẹn.